Bí Mo Ṣe Ṣí Imú Jíìpù Mi Nínú Igbó Àìmí

Ẹ̀yin ọdẹ ẹgbẹ́ mi, ẹ̀yin ìyàwó ọdẹ tí ẹ jókòó lẹ́yìn, kí ẹni tó ń jẹ obì rọra rún un, nítorí ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí kò fẹ́ ariwo. Èmi ni Ọdẹ́sanmí ọmọ Ògúngbadé. Èmi ni mo pa ẹfọ̀n méjì láàárọ̀ ọjọ́ kan, tí mo sì padà délé bá ẹ̀kọ mi ní gbígbóná. Èmi ni ẹkùn pàdé lójú ọ̀nà tóro, tí ẹkùn ní kí n kọ́kọ́ kọjá. Olúọ́dẹ, ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín, ẹ̀yin náà ti pa irọ́ tó ju èyí lọ lójú mi. Ohun kan ṣoṣo ló ń yọ mí lẹ́nu láti kékeré: ojú mi kì í rí nǹkan kí ẹnu mi má bi í léèrè. Mo ṣì kéré tí mo tú agogo ara ògiri bàbá mi palẹ̀ láti wo ẹni tó ń lù ú nínú. Ẹgba tí mo jẹ lọ́jọ́ náà kò mú ìbéèrè kúrò lẹ́nu mi, ó kàn kọ́ mi pé kí n máa ti ilẹ̀kùn kí n tó tú nǹkan.

Gbogbo yín lẹ mọ jíìpù mi, èyí tí mo rà lọ́wọ́ àwọn agégẹdú nígbà tí wọ́n ń kó kúrò nílùú wa. Kò sí òkè tí kì í gùn, kò sí ẹrẹ̀ tí kì í là kọjá, àléébù kan ló ní: ó máa ń gbóná. Bó bá rin máìlì mẹ́ta nínú igbó, èéfín á máa rú lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, omi rédíétọ̀ á máa hó bí ọbẹ̀ ìyàwó tó gbàgbé iná. Mùtíù mẹkáníìkì pààrọ̀ fáànù, ó pààrọ̀ rọ́bà omi, kò sàn. Lọ́jọ́ kan ó nu ọwọ́, ó ní, "Bàbá ọdẹ, ẹ dákun, ẹ tú màrìwò yìí kúrò níwájú ẹ̀. Mọ́tò yìí ò ráyè mí." Inú bí mi. Mo ní, "Ìwọ Mùtíù, ṣé ìwọ lo máa kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń sin Ògún?" Ẹ̀yin náà ṣáà mọ àṣà wa. Bí ọdẹ tó ní ọkọ̀ bá pa ẹran ńlá, a máa ń so màrìwò tútù mọ́ iwájú ọkọ̀ náà. Tèmi tún ní àṣejù nínú: mi kì í tú ti àtijọ́ kúrò. Ọdún mẹ́rin ni mo fi ń so tuntun lé ògbólógbòó, mo wá kọ́ agbárí ẹran mẹ́fà sí i láàárín, ó nípọn ju ẹní lọ. Mo tún fi páànù irin dí gbogbo abẹ́ ẹ́ńjìnnì nítorí kùkùté. Bí mo bá ń wọ ìlú, àwọn ọmọdé á máa sá, àwọn obìnrin á máa kí mi ní mẹ́sàn-án mẹ́wàá, orí mi á sì wú.

Ẹ wá gbọ́ ibi tí ọ̀rọ̀ ti burú. Ní oṣù Èrèlé ọdún tó kọjá, mo dẹ tàkúté irin kan sí ìdí ìrókò nínú Igbó Àìmí. Òfin wa ni pé ẹni tó bá dẹ tàkúté gbọ́dọ̀ so màrìwò mọ́ igi tó wà lókè rẹ̀, kí ọdẹ mìíràn lè rí i kó yà. Màrìwò kan ṣoṣo ló kù lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ náà. Mo ti pa ìgalà kan láàárọ̀, mo sì fẹ́ kí ìlú rí i bí mo bá ń wọlé. Mo wo ìrókò, mo wo jíìpù. Ara jíìpù ni mo so ó mọ́. Mo ní n ó padà wá so ti ìrókò lọ́jọ́ kejì, ó sì rẹ̀ mí láti gun ọ̀pẹ, mi ò padà. Ní ọjọ́ kẹrin, ẹlẹ́mu tó ń jẹ́ Láoṣebíkan sáré wọlé tọ̀ mí wá ní ìdájí, ó ní tàkúté ti mú Akínlàjà, ọ̀rẹ́ mi, ní ìdí ìrókò kan nínú Igbó Àìmí.

Ẹ má pariwo. Mo ní ẹ má pariwo! Bẹ́ẹ̀ ni, tèmi ni. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ dópin, lẹ́yìn náà kí ẹ ṣe mí bí ẹ bá ti fẹ́.

Ẹlẹ́mu ní òun àti ìkejì òun ti yọ irin náà, wọ́n ti gbé Akínlàjà lọ sí àgọ́ ọdẹ tó wà nínú igbó, ṣùgbọ́n eegun ti ṣẹ́, ẹsẹ̀ ti wú, ara rẹ̀ sì ń gbóná. Ó ní bí dókítà kò bá rí i kí oòrùn ọjọ́ náà tó wọ̀, ẹsẹ̀ á lọ, ẹ̀mí á sì tẹ̀ lé e. Ogún máìlì ni àgọ́ sí ìlú, kò sí ẹni tó lè fi èjìká gbé e dé. Ni mo bá ní èmi ni n ó fi jíìpù lọ gbé e. Gbogbo àdúgbò yìn mí. Ayọ̀ká, ìyàwó Akínlàjà, kúnlẹ̀ sójú títì, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, Ọlọ́run á bá mi san án fún yín." Ìkúnlẹ̀ yẹn dùn mí wọnú eegun. Mi ò lè wo ojú rẹ̀. Mo gbé kẹ́ẹ̀gì omi méjì sẹ́yìn ọkọ̀ nítorí rédíétọ̀, mo sì gbéra.

Igbó Àìmí, ẹ mọ̀ ọ́n: àwọn igi ibẹ̀ so orí pọ̀ débi pé afẹ́fẹ́ kì í ráàyè kọjá. Mi ò tíì rin máìlì mẹ́rin tí jíìpù fi bẹ̀rẹ̀ sí í hó. Mo dúró, mo ń sọ̀ kalẹ̀ láti bu omi sí i, ni mo rí ohun kan tó jókòó sí àárín ọ̀nà. Mo kọ́kọ́ pè é ní àpáta, àfi ìgbà tí àpáta ń nu òógùn. Ẹnu mẹ́ta ló wà lójú rẹ̀, ọ̀kan lábẹ́ ọ̀kan, ikùn rẹ̀ sì tóbi débi pé ó tẹ́ ọwọ́ méjèèjì lé e bí ẹni tó faratì tábìlì. Ẹnu òkè ní, "Ta ló gbé ìkòkò tó ń hó wọ ilé mi?"

Mo ní, "Kì í ṣe ìkòkò, jíìpù ni. Èmi sì ni Ọdẹ́sanmí ọmọ Ògúngbadé, èmi tí ẹkùn—"

"Mi ò bi ọ́ ní oríkì," ni ẹnu àárín wí. "Èmi ni iwin Gbémìmápọ̀. Ṣé omi wà?"

Kí n tó dáhùn, ó ti na ọwọ́ gbé kẹ́ẹ̀gì méjèèjì. Ẹnu òkè mu ọ̀kan, ẹnu àárín mu ìkejì, ẹnu ìsàlẹ̀ ń ṣépè fún wọn pé wọn ò ṣẹ́kù fún òun. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún pé inú òun ṣì ń jó. Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ̀rù bà mí, mi ò ní purọ́, ṣùgbọ́n ìbéèrè ló kọ́kọ́ dé ẹnu mi. Mo ní, "Alàgbà, ibo ni ohun tí ẹ ń gbé mì ń gbà jáde?" Ẹnu mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kọjú síra wọn. Ẹnu ìsàlẹ̀ ní, "Jáde? Kí ló ń jẹ́ jáde?" Mo yí i ká láti wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ó ń dán, ó tẹ́jú, kò sí ihò kan níbẹ̀.

Ó wá ya ẹnu òkè sílẹ̀, ó ní òun máa gbé èmi àti jíìpù mì, bóyá irin á tu òun nínú. Mo yára ní, "Bí mo bá wá ìwòsàn fún ooru inú yín ńkọ́?" Ó ní, "Bí o ò bá rí i ńkọ́?" Mo ní, "Ẹ gbé mi mì, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ gbé ọ̀rẹ́ mi dé ọ̀dọ̀ dókítà." Ó rò ó títí, ó ní kí n lọ bá Ìyá Ọ̀gán tó wà lẹ́yìn igi ahùn ọ̀hún, ó ní obìnrin náà ní ọmọ tí kò lóǹkà nínú yàrá kan ṣoṣo, síbẹ̀ kò sí èyí tó làágùn nínú wọn. Mo bi í pé kí ló dé tí òun fúnra rẹ̀ kò lọ. Ó fi ìtìjú wolẹ̀, ó ní, "Mo lọ. Ó ní kí n jọ̀wọ́ ẹnu kan. Ta ló ń jọ̀wọ́ ẹnu?"

Mo rọra wa jíìpù lọ sí pápá kékeré tó wà lẹ́yìn igi ahùn náà. Ìyá Ọ̀gán kò ga ju orúnkún mi lọ. Ó pupa bí ilẹ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ pa, ó jókòó sí ìdí òkìtì ọ̀gán kan tó ga ju ilé lọ, ó ń jẹ igi gbígbẹ bí ẹni ń jẹ gúgúrú. Mo dọ̀bálẹ̀. Kò kí mi, ó kàn ní, "Àlọ́ o!"

"Àlọ̀!"

"Kí ló ń wọlé ní tútù, tó ń jáde ní gbígbóná, tí a kì í fojú rí nígbà méjèèjì?"

Mo ronú, mo ní, "Àlejò àna ni, Ìyá. Ó máa ń fi pẹ̀lẹ́ wọlé, ó sì máa ń fi ìbínú jáde." Ó rẹ́rìn-ín títí eruku fi ń já bọ́ lára rẹ̀. Ó ní, "Àlejò tìẹ là ń rí, òpè. Afẹ́fẹ́ ni! Kí lo máa ń ṣe bí ẹranko irin rẹ bá gbóná?"

"Mo máa ń bu omi sí i."

"Bí yàrá bá gbóná, tí ilẹ̀kùn tì, tí fèrèsé tì, ṣé omi lo máa bu sí ẹni tó wà nínú rẹ̀, àbí wàá ṣílẹ̀kùn?" Ó ní kí n fi ọwọ́ bo ihò kan nísàlẹ̀ ọ̀gán. Mo fi bò ó, mo rí i pé ó tutù, ó sì ń fa àtẹ́lẹwọ́ mi wọlé díẹ̀díẹ̀. Ó ní kí n gun òkè lọ fi ọwọ́ bo ihò orí rẹ̀. Ibẹ̀ lọ́wọ́ọ́rọ́, ó ń fẹ́ jáde bí imú ẹni tó sùn. Mo yọ ìyẹ́ àdàbà kan lára fìlà mi, mo jù ú sórí ihò òkè, ó fò lọ. Mo mú òmíràn sún mọ́ ihò ìsàlẹ̀, ihò gbé e mì. Mo gun òkè, mo sọ̀ kalẹ̀, mo tún gun òkè. Ẹ̀yin ará, mo gbàgbé Akínlàjà fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ohun tó ń dùn mí títí di òní nìyẹn, ṣùgbọ́n mi ò rí irú rẹ̀ rí! Ọ̀gán tí mo ti ń tọ̀ sí lára láti ọgbọ̀n ọdún, mi ò mọ̀ pé ó ń mí.

Ó bá mi dé ìdí jíìpù. Ó ní kí n tan ẹ́ńjìnnì, kí n mú ìyẹ́ síwájú rẹ̀ níbi tí ó yẹ kí ó ti máa fa afẹ́fẹ́. Ìyẹ́ kò mira. Fáànù ń yí kíkankíkan nínú, ṣùgbọ́n màrìwò ọdún mẹ́rin ti dí imú rẹ̀ pa, páànù irin sì ti dí ìdí rẹ̀. Ó ní, "Àlọ́ kejì: ta ló wọ aṣọ iyì, tí aṣọ iyì ń fún un lọ́rùn pa?" Mo mọ èsì, mi ò fẹ́ sọ ọ́. Mo ní Ògún ló ni màrìwò náà. Ó ní, "Irin tó ń ṣiṣẹ́ ni Ògún fẹ́ àbí irin tó kú? So ó mọ́ ẹ̀yìn, Ògún ní ojú lẹ́yìn." Mo fi ọ̀bẹ gé okùn. Èyí tó wà lókè pátápátá ni èyí tí mo so ní ọjọ́ tí mo dẹ tàkúté. Ó ti gbẹ, ó ti pọ́n. Mo dì í mú, mi ò lè jù ú sílẹ̀. Ìyá Ọ̀gán ń wò mí. Ó ní, "Ìwọ náà ń hó."

Mo yára bọ́ sídìí iṣẹ́ kí ó má baà bi mí sí i. Mo tú ẹ̀yìn páànù abẹ́ ọkọ̀ kúrò, mo fi iwájú rẹ̀ sílẹ̀ nítorí kùkùté. Mo rí i pé àlàfo wà láàárín rédíétọ̀ àti fáànù, afẹ́fẹ́ sì ń jí ibẹ̀ gbà láì kan rédíétọ̀ rárá. Mo gé awọ ìgalà tí mo tẹ́ sórí ìjókòó, mo fi dí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ yí po, kí gbogbo ohun tí fáànù bá fà lè gba inú rédíétọ̀ kọjá. Ó wá ku ọ̀nà àbájáde lókè. Mo gbé àáké sókè, mo fẹ́ la bọ́nẹ́ẹ̀tì níbi tó súnmọ́ gíláàsì iwájú, Ìyá Ọ̀gán sì kígbe pé, "Bi afẹ́fẹ́ léèrè ná!" Mo fi òwú so ìyẹ́ sí ibi mẹ́ta lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì, mo sáré wa ọkọ̀ yí pápá náà ká. Èyí tó wà nídìí gíláàsì dorí kodò, afẹ́fẹ́ ń tì í wọnú. Èyí tó wà lẹ́yìn rédíétọ̀ díẹ̀ dìde dúró, bí ẹni pé ẹnì kan ń fà á látòkè. Bí mo bá la ti gíláàsì, afẹ́fẹ́ ìta ni ì bá máa rọ́ lu ooru tó fẹ́ jáde. Mo fi irin ìlagẹdú tí àwọn agégẹdú gbàgbé sínú ọkọ̀ la ihò gbọọrọ mẹ́fà sí ibi tí ìyẹ́ ti dìde, mo tẹ etí wọn sẹ́yìn bí ìpẹ́ ẹja, kí òjò má baà rọ̀ tààrà wọnú. Mo fi ọwọ́ sókè rẹ̀. Ẹ̀yin èèyàn mi, ooru ń jáde! Ó ń jáde lọ́wọ́ọ́rọ́, gẹ́gẹ́ bí ti orí ọ̀gán. Mo jó. Èmi nìkan, nínú igbó, mo jó.

Mo bi Ìyá Ọ̀gán pé kí ni kí n fi dúpẹ́. Ó ní, "Ṣí tìrẹ náà. Ohun tí o tì mọ́ inú, sọ ọ́ fún ẹni tó ni ín kí o tó gun òkè tó kẹ́yìn. Bí o ò bá sọ ọ́, ohun tí o là lónìí á dí." Kò dúró gbọ́ èsì mi, ó ti wọ ihò rẹ̀ lọ.

Mo dé ọ̀dọ̀ Gbémìmápọ̀, mo jẹ́ iṣẹ́ fún un pé ohun tó bá wọlé gbọ́dọ̀ rí ọ̀nà jáde. Mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, mo jẹ́ kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kan ooru tó ń jáde. Ó wò ó, ó sunkún, ó ní, "Ẹnu wo ni kí n jọ̀wọ́?" Òkè ní ìsàlẹ̀, ìsàlẹ̀ ní àárín. Wọ́n jà títí, níkẹyìn ẹnu ìsàlẹ̀ ní òun gbà, òun kì í ṣáà rí omi mu. Bó ṣe gbà bẹ́ẹ̀, ló yọ̀ yí gba abẹ́ ikùn lọ sẹ́yìn, ó sì là. Ha! Ẹ̀fúùfù gbígbóná tó jáde níbẹ̀ dá igi méjì, ó gbé fìlà mi lọ, ó ti jíìpù sẹ́yìn títí taya ẹ̀yìn fi kù díẹ̀ kó bọ́ sí kòtò. Mo di igi mú bí ọmọ ọ̀bọ. Nígbà tó tán, iwin náà ti tínrín bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbààwẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, ó pọ omi kẹ́ẹ̀gì kan sínú rédíétọ̀ mi, ó sì yà fún mi lọ́nà.

Oòrùn ti yí nígbà tí mo dé àgọ́. Akínlàjà dùbúlẹ̀ sórí ewé, ojú rẹ̀ ti wọnú. Ó ní, "O pẹ́." Mo ní jíìpù ló gbóná. Mo gbé e sí ẹ̀gbẹ́ mi, mo di ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́ pákó, a gbéra. Òkè kìíní, òkè kejì, ọwọ́ aago tó ń wọn ooru ẹ́ńjìnnì kò kúrò níbi tó wà. Ó yẹ kí inú mi dùn. Mo la ẹnu nígbà méje láti sọ ọ́, ohun tó ń jáde ni, "Ṣé ẹsẹ̀ ò dùn ọ́ jù?" A dé ìsàlẹ̀ òkè tó kẹ́yìn, oòrùn ti ń pọ́n. Ibẹ̀ ni ọwọ́ aago ti bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Bóyá àdéhùn ni, bóyá òkè ni, èmi ò mọ̀. Èéfín bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ní ihò mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Mo tẹ bíréèkì. Mo ní, "Akínlàjà, èmi ni mo ni tàkúté náà. Mi ò so màrìwò sí i. Mọ́tò ni mo so ó mọ́, nítorí fáàrí." Omijé ti gba ojú mi.

Kò wò mí. Ó ní, "Mo mọ̀."

"O mọ̀ kẹ̀?"

"Èmi ni mo bá ọ fẹ́ ẹwìrì lọ́jọ́ tí alágbẹ̀dẹ rọ eyín irin yẹn. Ṣé o rò pé mi ò ní dá a mọ̀ nígbà tó wà nínú ẹsẹ̀ mi? Mo sọ fún ẹlẹ́mu pé kó má lọ bá ẹlòmíràn, ọ̀dọ̀ ẹ nìkan ni kó lọ. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá wàá wá."

"Bí mi ò bá wá ńkọ́?"

"Ǹ bá kú sí àgọ́ yẹn, ẹnikẹ́ni ò sì ní í mọ ẹni tó ni tàkúté náà." Ó fi orí ti ìjókòó. "Má sọ fún ẹgbẹ́. Mo ti dárí jì ọ́. Wa mọ́tò, Ọdẹ́sanmí."

Mo wà á. Mi ò mọ bí a ṣe gun òkè yẹn, mo kàn mọ̀ pé a dé ọ̀dọ̀ dókítà nígbà tí oòrùn ṣì ń tan sára páànù ilé ìwòsàn. Ẹ̀mí rẹ̀ kù, ẹsẹ̀ náà kù, ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà ń rí bó ṣe ń tiro. Ọdún kan gbáko lẹ ti ń bi í bó ṣe ṣẹlẹ̀, ó sì ń sọ fún yín pé òun kò mọ ẹni tó dẹ ẹ́. Ayọ̀ká ṣì ń gbé ọbẹ̀ wá fún mi lọ́jọ́ ọdún. Akínlàjà, jókòó, má dá mi lẹ́kun; mo mọ̀ pé o ní kí n má sọ ọ́. Ìwọ ti dárí jì mí, ṣùgbọ́n ìwọ nìkan kọ́ ló ń rìn nínú igbó yẹn. Òfin ẹgbẹ́ ní kí ọdẹ tó dẹ tàkúté láìsí àmì gbé ìbọn rẹ̀ sílẹ̀ fún ọdún mẹ́ta. Ìbọn mi rèé, Olúọ́dẹ. Mo ti yọ ọta inú rẹ̀. Ẹ gbà á lọ́wọ́ mi.